Ìbuwọ́lùwé Tí Mo Jogún Lọ́wọ́ Ìyàwó Mi

Epo pupa wà lọ́wọ́ ìyàwó mi nígbà tó fọwọ́ sí ìwé fún mi kẹ́yìn. Ó ń da epo sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹja ni mo gbé fóònù dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ní kó bá mi sáìn.

"Tíṣà, ìjọba tún ti ń béèrè yín?"

"Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà láàyè."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ wà níbí, pé ẹ ti ń yọ ẹja jẹ nínú ìkòkò tí n kò tíì sọ̀ kalẹ̀."

Ó nu ìka sára ìró rẹ̀, kò mọ́ tán. Ó kọ́kọ́ tẹ ìka náà mọ́ ojú fóònù bí ẹni tó ń wò bóyá ọ̀dà ara ògiri ti gbẹ, lẹ́yìn náà ló wá fa orúkọ mi. Fóònù ní òun gbà á. Mo fẹ́ nu epo náà kúrò, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ká sùtánà òun wọlé, òjò ti ṣú. Mo ní mò ń bọ̀. Nígbà tí mo máa fi dìde, òun fúnra rẹ̀ ti jáde lọ ká a, ó ń kùn lọ, ó ń kùn bọ̀, ó ní bí òun bá dúró de tíṣà, aṣọ funfun òun yóò di aṣọ ẹlẹ́rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò jí. Èmi tí ìjọba ń béèrè bóyá mo wà láàyè ni mo jí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé ìyàwó ló ń fọwọ́ sí ìwé fún ọkọ tó lọ sí yunifásítì. Àwọn ológun ló bá wa ṣètò rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn kì í fẹ́ yìn wọ́n, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìdàgbàsókè tó dé ọ̀dọ̀ wa tí kò tíì bàjẹ́. Pọ́ǹpù omi tí wọ́n gbé wá sí àdúgbò wa ní Ọ̀rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ní ìbuwọ́lùwé ti ara mi tẹ́lẹ̀. Yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ. Kálukú wa ló ń kọ́ tirẹ̀ nígbà náà, a ó jókòó sí yàrá ìkàwé, a ó máa fi orúkọ wa kún ẹ̀yìn ìwé bí ẹni pé wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sára owó lọ́la. Tèmi ní ìwo lókè, ó ní ìrù nísàlẹ̀, ó sì ń yí ara rẹ̀ po láàárín. Ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òdìgbò nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, wò ó lára lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i, ó sì béèrè bóyá kòkòrò kan ló kú sójú ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n-gógó dé. Ìjọba ní kí a fún ìgbànú wa le, a fún un. Wọ́n ní kí a padà sí oko, a padà. Owó oṣù a máa jáde nígbà tó bá wù ú, bí ọmọ ọlọ́lá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi níbi tó sùn. Èmi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ìwé girama, mo di àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ lórí ilẹ̀ tí bàbá ìyàwó mi yọ̀ǹda fún wa ní ọ̀nà Àgọ́ Aláyè. Àwọn ará oko yí mi ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ń wo bí mo ṣe di àdá mú. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn bá ìyàwó mi kẹ́dùn.

Wọn kò sì kẹ́dùn lásán, nítorí kò pẹ́ tí mo fi fi àdá la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi. Wọ́n rán an ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi báńdéèjì wé e títí dé orí ìka, àtàǹpàkò náà kò yọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba ológun yàn láti wá àwọn tíṣà tó jẹ́ iwin. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé owó ìjọba kò tó nítorí àwọn òkú ń gba owó oṣù. Ó dájú pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí owó ìjọba lè gbà lọ. Nítorí náà, kí gbogbo tíṣà wá sí ọgbà káńsù ní Ọ̀rẹ̀, kí wọ́n wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lójú sójà. Ẹni tí kò bá wá, ó ti kú. Wọn kì í sin ín, wọ́n kàn máa yọ orúkọ rẹ̀ ni.

Títí di ìgbà náà, fọ́ọ̀mù tí a mọ̀ ni èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ oníǹkì yí jáde, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èyí tí a fi ń di àkàrà. Lórí irú ìyẹn, kí èèyàn fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bírò á dá a lu. Ìbuwọ́lùwé mi oníwo, onírù dára fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà jẹ́ irú mìíràn. Wọ́n to bébà léra wọn, wọ́n fi kábọ̀n sáàárín wọn: ọ̀kan fún káńsù, ọ̀kan fún Àkúrẹ́, ọ̀kan fún bárékè, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, n kò mọ ẹni tó ni ín, bóyá ti Ọlọ́run ni. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ bírò mọ́lẹ̀ gan-an kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i jẹ́jẹ́ yóò wà láàyè ní Ọ̀rẹ̀, yóò sì ti kú ní bárékè.

Ìyàwó mi wà níwájú mi lórí ìlà. Ó ti fọwọ́ sí tirẹ̀, ó wá dúró tì mí. Akọ̀wé káńsù tó jókòó ti sójà náà wo báńdéèjì mi.

"Tíṣà, ọwọ́ òsì ńkọ́?"

Mo gbìyànjú ọwọ́ òsì. Mo lo bébà mìíràn láti fi dánra wò. Sójà náà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i po.

"Ẹni tó kọ èyí, òun ló ń kọ́ ọmọ yín?" ó bi akọ̀wé.

"Ṣé kí ó tẹ̀ka ni, sà?"

"Ìka wo?" ni mo wí. Mo na báńdéèjì náà sókè.

"Ti òsì," ni akọ̀wé wí. Ó tún ronú díẹ̀. Ó jẹ́ ènìyàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. "Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù títẹ̀ka yàtọ̀, Tíṣà. Ti àwọn tí kò mọ̀wé ni. Bí ẹ bá tẹ̀ka, a ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò mọ̀wé. Bí ẹ kò bá sì mọ̀wé, ìjọba yóò béèrè ohun tí ẹ ń ṣe ní ilé ìwé."

"Kí n padà wá nígbà tí ọwọ́ bá jinná?"

"Ẹ ó ti kú nígbà yẹn."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti ń pariwo. Ẹnì kan láti Aráròmí ń kígbe pé ọkọ̀ tó gbé òun wá ń dúró, pé kí wọ́n jẹ́ kí òkú kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn alààyè kọjá. Ìyàwó mi na ọwọ́ sí sójà náà.

"Ẹ fún mi ní bírò."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mo ni ín."

N kò mọ̀ bóyá èmi ló ní lọ́kàn àbí orúkọ mi. Sójà náà fún un ní bírò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó tẹ bírò náà mọ́lẹ̀ títí tábìlì fi dún, ó sì fa nǹkan kan tó dà bí ìwọ̀ apẹja tí okùn rẹ̀ ń lọ sápá ọ̀tún. Kò ní ìwo, kò ní ìrù. Ìwọ̀, ìlà, àmì kan tó rinlẹ̀. Sójà ṣí àwọn bébà náà títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ ketekete.

"Èyí ni ọwọ́ ọkùnrin," ó wí. Ó wá kọjú sí mi. "Báyìí ni kí ẹ máa sáìn láti òní lọ. Òun la ó máa fi yẹ ọwọ́ yín wò."

Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe?

Nígbà tí ọwọ́ mi jinná, mo padà sí ìwo àti ìrù mi. Ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ sí padà wá. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Mo bá a lọ sí káńsù. Akọ̀wé náà mú fáìlì jáde, ó fi ìwọ̀ ìyàwó mi hàn mí pẹ̀lú sùúrù, bí a ti ń bá ẹni tí kò dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbé ìwé náà wálé. Ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó, ó fọ ọwọ́, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbà á lọ́jọ́ kejì.

Ó di ìlànà ilé wa. Ní ọjọ́ ìsinmi, tó bá ti ilé àdúrà dé, màá kó ìwé tó wà nílẹ̀ jọ sórí tábìlì, èmi yóò máa ka ohun tó wà nínú wọn sókè, òun yóò máa fọwọ́ sí i. Bí mo bá ti ṣe ohun tó bí i nínú, á di bírò mú sókè.

"Tíṣà, ẹ ṣọ́ra o. Bí mo bá jí lọ́la tí inú mi kò tíì rọ̀, n ó fọwọ́ sí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yín."

"Ìwọ náà ni ebi máa pa."

"N ó kọ̀wé gba iṣẹ́ mìíràn fún yín. Sójà. Ó máa bá yín mu."

Mo gbìyànjú láti kọ́ ọ. Kò ṣòro láti wò, ìwọ̀ àti ìlà àti àmì. Ṣùgbọ́n tèmi kì í jọ ọ́. Ìwọ̀ náà yóò gùn jù, ìlà náà yóò gbọ̀n, àmì náà yóò bọ́ síbi tí kò yẹ. Ó máa ń wò ó, á mi orí. Ó ní tèmi dà bí ti ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Mo fi í sílẹ̀. Òun ṣáà wà níbẹ̀ tó ń ṣe é.

Nígbà tí àwọn ológun mìíràn lé àwọn ológun àkọ́kọ́ kúrò, àwọn yìí fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù tuntun wá, páálí ni, ó ní àpótí kékeré kan nísàlẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí bírò kan etí àpótí náà, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í rí ohun tó bá yọ síta. Ìlà ìyàwó mi yọ síta. Wọ́n dá a padà. Ó mú un, ó ní kọ̀ǹpútà tí kò rí ìlà tó rinlẹ̀ tó báyìí, kí wọ́n ra dígí fún un. Síbẹ̀ ó dín in kù, ìwọ̀ náà di kékeré, ìlà náà kúrú. Báyìí ni ìbuwọ́lùwé mi ṣe ń dín kù pẹ̀lú owó oṣù mi, tí èmi kò sì fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn.

Àwọn ológun lọ. Fọ́ọ̀mù kò bá wọn lọ. Mo fẹ̀yìn tì, òun náà fẹ̀yìn tì, ìjọba alágbádá sì jogún àníyàn nípa ẹ̀mí wa. Lásìkò kan, àwọn arúgbó a máa to ìlà lábẹ́ oòrùn láti fi hàn pé àwọn kò tíì kú, àwọn mìíràn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú níbẹ̀, èyí tí ì bá mú iṣẹ́ náà rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀làjú dé. A kò ní láti to ìlà mọ́. A ó jókòó sílé, a ó fi fóònù fọwọ́ sí i pé a wà. Ìwọ̀ ìyàwó mi ni wọ́n kó láti inú fáìlì àtijọ́ sínú ẹ̀rọ. Òun ni ẹ̀rọ fi ń yẹ ọwọ́ mi wò.

Èyí tó fi ìka elépo fọwọ́ sí, irú fọ́ọ̀mù kan ni, ó dúró sójú kan bí fọ́tò. Kò sí ohun tó ń ṣí, kò sí ohun tó ń pa dé. Ẹ ó kọ ohun tí wọ́n béèrè, ẹ ó fọwọ́ sí i, ó tán. Àmì aláwọ̀ ewé jáde, inú gbogbo wa dùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, iléeṣẹ́ ìfẹ̀yìntì ìjọba fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n bá mi kẹ́dùn ní ìlà àkọ́kọ́. Ní ìlà kejì, wọ́n ní kí n lọ tún àkọsílẹ̀ mi ṣe kí oṣù tó parí, nítorí ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mo ní ìyàwó kò jẹ́ òtítọ́ mọ́. Bí n kò bá ṣe é, wọn yóò ka èmi náà mọ́ àwọn tó ti lọ, owó ìfẹ̀yìntì tí mo fi ń jẹun yóò sì dúró. Mo ronú pé tọkọtaya tó bá fẹ́ràn ara wọn, ìjọba kì í fẹ́ yà wọ́n.

Mo ṣí i. Fọ́ọ̀mù ti yípadà sí irú mìíràn. Ohun tí mo ti kọ wà níbẹ̀, ìwọ̀ ìyàwó mi náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti béèrè nípa ìyàwó, mo tẹ èyí tó sọ pé ìyàwó mi ti kú. Fọ́ọ̀mù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ palẹ̀. Ojú ìwé mìíràn yọ níbi tí kò sí ojú ìwé tẹ́lẹ̀, ó ń béèrè ọjọ́ tó kú, ó ń béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, ó ń béèrè bóyá mo ń gbèrò láti fẹ́ ẹlòmíràn. Mo fà á lọ sí ìsàlẹ̀. Àyè ìbuwọ́lùwé ti ṣófo.

Mo padà sókè, mo tẹ èyí tó sọ pé mo ní ìyàwó. Ojú ìwé tuntun náà ká kò, gbogbo ìbéèrè nípa ikú parẹ́. Mo sáré fà á sí ìsàlẹ̀. Àyè náà ṣì ṣófo.

Mo pe ọmọbìnrin wa ní Àkúrẹ́.

"Bàbá, bó ṣe ń ṣe nìyẹn," ó wí. "Kì í ṣe ọwọ́ Màmá nìkan ni ẹ̀rọ náà pa mọ́. Ó fi í di gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ pọ̀, bí èdìdì. Bí ẹ bá yí ẹyọ kan padà, èdìdì ti já nìyẹn."

"Mo ti dá a padà sí bó ṣe wà."

"Kò mọ ìyẹn. Ó já ni, ó já."

"Èyí àkọ́kọ́ kò ṣe báyìí."

"Ìyẹn kì í tún ara rẹ̀ tò. Èyí ń tò tuntun fún gbogbo ìdáhùn tí ẹ bá fún un. Kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lùwé ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn."

"Ṣé a kò lè ya fọ́tò ti àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Irú èyí kì í gba fọ́tò, Bàbá. Ìka ló fẹ́. Ṣé kí n wá bá yín ṣe é? Màá gbìyànjú láti kọ ọ́ bíi ti Màmá."

Mo ní kó má wá. Mo sọ pé ọ̀nà kò dára, èyí tó jẹ́ òtítọ́ ní ọjọ́ gbogbo. Òótọ́ tó kù ni pé n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ èmi.

Mo ya àwọn oṣù tó ti kọjá kúrò lára kàlẹ́ńdà ilé àdúrà rẹ̀, mo dojú wọn dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orúkọ mi. Ìwọ̀, ìlà, àmì. Ó ń gbọ̀n. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àtijọ́ tó fọwọ́ sí, kò jọ ọ́ rárá. Mo dán an wò lójú fóònù, ẹ̀rọ náà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ọwọ́ yìí kì í ṣe tèmi. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó kéré tán, akọ̀wé káńsù ní ojú tí èèyàn lè bínú wò.

Nígbà tó rẹ̀ mí, mo lọ sí ilé ìdáná láti bu omi mu. Mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wo ibi tí òun dúró sí. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó tẹ ìka mọ́ ojú fóònù, lẹ́yìn náà ló tó fa ìlà.

Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà ọ̀wọ́n-gógó ni bírò kì í yọ íńkì. Èyí tí a ń rà nígbà náà, ìdajì wọn ti gbẹ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, olùkọ́ kankan kì í fà á sórí ìwé pàtàkì láì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wò. Bírò sójà náà, ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tábìlì fi dún. Àmì tí mo rò pé ó fi ń parí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbéra, tí ọwọ́ á yípo di ìwọ̀, tí yóò sì na ìlà lọ. Ó ń ṣe é lójú mi ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, èmi ń ka ìwé sókè, n kò wò ó. Fóònù kò ní íńkì tó lè gbẹ, síbẹ̀ ó ṣì ń dán an wò.

Mo padà sí tábìlì. Mo dáhùn gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù náà béèrè, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tẹ èyí tó sọ pé ó ti kú, n kò yí i padà. Mo kọ ọjọ́ náà. Sí ìbéèrè nípa ẹlòmíràn, mo dáhùn pé rárá. Lẹ́yìn náà mo nu ìka mi sára ṣòkòtò, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù, mo dúró díẹ̀, mo jẹ́ kí ọwọ́ náà gbéra fúnra rẹ̀.

Àmì aláwọ̀ ewé náà pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tí ọmọbìnrin wa pè ní ìrọ̀lẹ́ láti béèrè ẹni tó bá mi sáìn, mo sọ fún un pé èmi ni.